Ife Tí N Kò Lè Mu

Dimanche, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àdúgbò wa, Attécoubé.

Wáìnì gidi ni wọ́n bu sínú ife oúnjẹ Olúwa lónìí. Bí òórùn rẹ̀ ṣe kàn mí nímú, ọtí tí mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀ tún ń pè mí. Mo gbé ife fún ẹni tó kàn. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá fo ife, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fi pamọ́. Rúùtù ìyàwó mi doríkodò.

A délé. Rúùtù fi orúkọ ọmọ wa pè mí: "Papa Jeanne, ẹ ti padà sídìí ọtí, àbí?"

Mo ní ẹ̀rù wáìnì ló bà mí.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń bà yín lẹ́rù! Ẹ yanu."

Mo yanu bí ọmọdé. Kò gbọ́ òórùn kankan, síbẹ̀ kò wo ojú mi.

Bóyá ìgbàgbọ́ mi ló kéré...

Olúwa, Ìwọ mọ̀ pé n kò padà sídìí ọtí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Rúùtù náà mọ̀.