Mo Gún Táyà Ọkọ̀ Bùrọ̀dá Láolú

Ilé Kẹrìnlá, Oregbeni,
Benin City,
Ìpínlẹ̀ Ẹdó.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi Èyítáyọ̀,

Báwo ni ara? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Ṣé Òṣogbo ṣì ń tutù láàárọ̀ bí o ṣe máa ń sọ? Èmi náà ń mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètè mi ò tíì sàn tán. Mo fẹ́ pè ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹkún ni màá sun lórí fóònù, mi ò sì ní lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n á ti sọ fún ọ pé mo gún táyà Bẹ́ńsì Bùrọ̀dá Láolú lọ́bẹ níwájú Màmá yín. Òótọ́ ni. Méjèèjì ẹ̀yìn ni mo gún. Má bínú pé mi ò pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní "wọ́n" nínú lẹ́tà yìí. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu mi ò ti gbà á.

Oṣù Kejì ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Siluko Road. Ẹ̀gbẹ́ inú táyà ẹ̀yìn ti jẹ tán, ẹ̀gbẹ́ ìta sì dà bí tuntun. Bọ́ṣì ẹ̀yìn, rọ́bà tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, ló ti bàjẹ́, tí ẹsẹ̀ náà fi fẹ̀gbẹ́ sínú. Ọ̀gá mi, Ògúnwálé, ṣe ohun tí gbogbo fọkanáísà ń ṣe: wọ́n tú táyà kúrò lára ríìmù, wọ́n yí i sódì kí ẹ̀gbẹ́ tó dáa lè bọ́ sínú. Bẹ́ẹ̀ ara táyà náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀gbẹ́ báyìí ni kó máa wo ìta. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní kó máa lọ, pé táyà náà á gbé e dé Kérésì.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ìta tó ti jẹ yẹn ni Láolú ń wò láràárọ̀. Kò jẹ sí i, ló bá gbà pé táyà dáa. Inú ló ń jẹ lọ.

Ní Sátidé ọ̀hún, ó yà wá fa afẹ́fẹ́ kó tó gbé Màmá wá sọ́dọ̀ rẹ. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà, wáyà gún mi.

"Bùrọ̀dá, wáyà ti yọ nínú. Ẹ má gbé e lọ."

"Motọ́lání tí kì í sọ̀rọ̀! Òní lo wá rí ẹnu? Fa afẹ́fẹ́ sí i, jàre."

Ọ̀gá ní, "Táyà tí mo fọwọ́ ara mi yí! Dìde ńbẹ̀."

Mo tún un sọ. Láolú wọkọ̀, ó tan án, ọkọ̀ yẹn ké. Mo ronú eré tó máa ń sá lọ́nà Ọ̀rẹ̀. Màmá wà lẹ́yìn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń gé rọ́bà, mo gún ẹ̀gbẹ́ táyà. Ó dún bí ìbọn. Mo sáré yí sí ìkejì, mo gún òun náà.

Láolú já jáde. Ó gbá mi létí, eyín mi wọnú ètè. Mo ṣubú, ó ta mí nípàá níhà. "Màá pa ọ́ síbí!" Ọ̀gá dì í mú látẹ̀yìn, ó fi orí kàn wọ́n nímú, ẹ̀jẹ̀ bo àyà wọn. Ni Ọ̀gá bá gbé irin tí a fi ń ṣí táyà, wọ́n là á mọ́ ọn lápá. Mo rò pé apá náà ti kán. Àwọn méjèèjì ń yí gbirigbiri nínú epo àti iyanrìn. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró, ó ń kígbe pé, "Oga, bite am!"

Màmá bọ́ sílẹ̀. "Ẹ tú táyà yẹn kí n rí i."

Èmi ni mo fi jáàkì gbé e, tí mo tú u, ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi ń kán sórí ríìmù. Mo yí inú rẹ̀ síta. Wáyà ti yọ yí i ká, ó rí ṣágiṣàgi. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n fi bo Láolú: orí, ẹ̀yìn, apá tó ti wú yẹn. "Èmi lo gbé sórí èyí? Èmi, Láolú?" Géndé bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀, kò tilẹ̀ fọwọ́ bo orí.

Wọ́n wá kọjú sí mi. "Nígbà tí wọ́n yí i sódì, ṣé o wà níbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma.

"O rí i?"

Mo ní mo rí i. Wọ́n gbá mi létí ọ̀tún. Èyítáyọ̀, yàtọ̀ sí ètè yìí, ti Láolú ti lọ lára mi. Ti Màmá ṣì wà níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ni Màmá wọ̀ wá bá ọ. Ọ̀gá lé mi lọ́jọ́ náà, wọ́n ní mo ba àwọn lórúkọ jẹ́.

Ní Tọ́sìdeè, Láolú wá sílé wa, báńdéèjì lápá. Kò kí mi. "Èwo ni kí n rà?" Mo ní kó kọ́kọ́ pààrọ̀ bọ́ṣì, kí wọ́n sì to ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun náà á jẹ. Mẹ́rin tuntun, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Kí ti ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára òpó ilẹ̀kùn, kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ eré. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ní Sapele Road, ọlọ́jà kan gbé méjì tó ń dán jáde. Mo ka nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é lára rẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Mo sọ ọ́ sókè. Ọlọ́jà ní, "Aunty, na you make am?" Láolú ní, "Ohun tó bá sọ ni mo máa rà." Ìsọ̀ kẹta la ti rí i rà.

Màmá ti búra fún un lórí fóònù pé àwọn ò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́ láé. Ka ibi yìí sí wọn létí, jọ̀ọ́: wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ṣì, wọ́n ti to ẹsẹ̀ ọkọ̀, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, nínú àti lóde. Ó jọ̀lọ̀. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, mi ò ní sọ pé wọ́n ṣe jù. Ọjọ́ Ẹtì ni Láolú ń bọ̀ ní Òṣogbo wá gbé wọn padà. Èmi náà á wà nínú ọkọ̀ náà, lẹ́yìn, níbi tí Màmá máa ń jókòó.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́,

Motọ́lání.