Ẹ Tún Ilé Àlúkò Wò Kí Òjò Tó Dé

Ilé Àlúkò,
Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin,
Tchaourou.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1979.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àkọsílẹ̀ Àwọn Ilé Àtijọ́,
Parakou.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀṢÌṢE TÍ Ó MÚ KÍ Ẹ KỌ ILÉ ÀLÚKÒ SÍLẸ̀ GẸ́GẸ́ BÍ ILÉ TUNTUN

1. Mo kí yín lórúkọ ìdílé Àlúkò. Èmi ni Maïmounatou. Àlúkò tó kọ́ ilé náà ni baba baba bàbá mi. Dakar ni mo ti kàwé láti kékeré, ọdún tó kọjá ni mo padà wálé. Ìjọba Ìyípadà ní kí a máa fi èdè wa kọ̀wé, èmi náà sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Bí gbólóhùn kan bá wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ, ẹ má tìtorí rẹ̀ gbé lẹ́tà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

2. Ìwé yín dé ọwọ́ wa ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí. Ó sọ pé ilé tuntun ni ilé wa, pé kò sí ohun àtijọ́ kan lára rẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí lára àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wó. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ni àwọn aláṣẹ ìlú wa dá láti wó o, kí wọ́n lè kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ síbẹ̀. A kò lòdì sí ilé ìkẹ́rùsí. Àwa náà ń gbin iṣu àti àgbàdo, a mọ ohun tí kòkòrò ń fi ojú wa rí. Bàbá Alidou, tí í ṣe baálé wa, ti yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún un lójú ọ̀nà Tchatchou. Ilé wa nìkan ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

3. A ti kọ́ ilé náà kí ojú irin tó dé ìlú yìí. Àwọn oníṣòwò obì tó ń ti Ṣábẹ̀ lọ sí Parakou máa ń sùn ní yàrá àbáwọlé rẹ̀, ibi tí okùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn ti jẹ òpó wọnú ṣì wà níbẹ̀. Inú yàrá yẹn náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti kọ́ Kùránì. Ìyá àgbà wa, Zénabou, opó ọmọ Àlúkò, ṣì ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Sàréè ọkọ wọn àti ti ìyáálé wọn wà ní àgbàlá, wọ́n sì ti sọ pé àwọn kò ní fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí ibì kankan.

4. Ẹ̀yin Ọ̀gá, èmi gan-an ni mo fa àṣìṣe náà. Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé òṣìṣẹ́ yín ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, èmi ni mo kà á fún gbogbo ilé pé àlejò ń bọ̀ láti Parakou. Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í bá ògiri tó bó. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, àwọn obìnrin ilé ni í rẹ́ ògiri. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù tí a ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, àti omi èèpo èso igi irú tí wọ́n ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tata Rissikatou, àbúrò bàbá mi, ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ obìnrin ilé tó lọ́kọ sí abúlé Sanson. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, tí wọ́n ń fi òkúta ha á títí ó fi ń dán. Mo bá wọn rẹ́ ẹ. Inú mi dùn pé èmi náà ti di ọmọ ilé. Kò sí ẹni tó rò ó pé ohun tí àlejò wá wò gan-an ni a ń bò mọ́lẹ̀.

5. Òṣìṣẹ́ yín kò ṣẹ̀ wá. Ó fọwọ́ kan ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀. Ó wá bi Bàbá Alidou bóyá ilé náà ti gbó. Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ilé wa kò gbó o, ọmọ mi. Èèyàn ń bẹ nínú rẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: ilé tí èèyàn bá ń gbé, a kì í pè é ní ògbólógbòó. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń tọrọ pé kó wó ni. Èmi ni mo túmọ̀ ìdáhùn náà sí Faransé fún òṣìṣẹ́ yín, mi ò sì fi àlàyé kankan tì í, torí èmi alára kò tíì mọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jẹ iṣu tí a gbé fún un, ó dúpẹ́, ó lọ.

6. A mú ìwé yín tọ tonton Ganiou lọ, àgbà tó jẹ́ délégué, aṣojú ìjọba, ní àdúgbò wa. Wọ́n kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a fọwọ́ ara wa wẹ àgbàlagbà títí ó fi di ọmọdé. Ìgbà tí wọ́n rí ojú Bàbá Alidou, wọ́n pa ẹ̀rín mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí a gé ògiri náà níbì kan, kí inú rẹ̀ lè jẹ́rìí. Wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí.

7. Ìyá àgbà kọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ṣé a fẹ́ bọ́ aṣọ lára àgbà lójú títì ni. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn fúnra wọn ló gbé ọ̀bẹ wá. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni a gé, kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ. Ìpele lórí ìpele ni, ti ọdọọdún lọ́tọ̀. Òmíràn pupa, òmíràn dúdú. Ọ̀kan funfun, ẹfun tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin fún wọn ni. Mo ń kà á bí a ti ń gé e. Nígbà tí mo ka ìpele kejìdínlọ́gọ́ta, a rí ilà ojú ìka lára rẹ̀, tó rí bí omi tó ń ru. Ìyá àgbà ní kí a dúró. Wọ́n ki ìka tiwọn bọ inú ilà náà. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyáálé mi nìyí." Obìnrin náà ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. A kò gé e kọjá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì dé ìsàlẹ̀.

8. Ohun tí kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀ nìyí. A kò lè rẹ́ ojú ibi tí a gé, torí òun ni ẹ̀rí wa. Ẹní ni a fi bò ó. Òjò ti rọ̀ ní Bétérou nítòsí wa lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́ kejì afẹ́fẹ́ gbé ẹní náà lọ. Ògiri amọ̀ tó bá ṣí sílẹ̀, òjò ńlá kan ti tó o. Bí a bá rẹ́ ẹ, ẹ ó tún bá ilé tuntun. Bí a kò bá rẹ́ ẹ, òjò yóò bá àwọn tó fẹ́ wó o ṣiṣẹ́.

9. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ rán ẹnìkan wá kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ìlú wa pé kí wọ́n dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi rí i. Kí ẹni tí ẹ bá rán mú ọ̀bẹ dání, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìyókù.

10. Ní àràárọ̀ ni Ìyá àgbà ń bi mí bóyá kí wọ́n po amọ̀. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù, àwọn ará Parakou ti wà lọ́nà. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo ń sọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Ìyípadà,

Maïmounatou Àlúkò,
Akọ̀wé Ìdílé Àlúkò,
Olùkọ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.