Ọkàn Bàbá Rẹ Kì Í Ráhùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbúròó ibi nípa rẹ. Bàbá rẹ ń jẹun, wọ́n sì ń bínú bí wọ́n ṣe máa ń bínú, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọkàn tuntun tí wọ́n fi sí wọn láyà ń ṣiṣẹ́. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ń ké láàárọ̀ àti lálẹ́ pé kí wọ́n lo oògùn. Mo máa ń dá a lóhùn pé a ti gbọ́, ẹ ṣeun, àmọ́ kò mọ ọpẹ́, ńṣe ló ń ké lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Dókítà ní afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè ba iṣan ọkàn náà jẹ́ bí irin ṣe ń dípẹtà, kí iṣan náà sì máa dí díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹni tó fi gbogbo ayé tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló yẹ kí wọ́n sọ irú ìyẹn fún? Bàbá rẹ ti ti gbogbo fèrèsé pa, wọn ò wẹ̀ mọ́ torí omi ń ba irin jẹ́, wọ́n sì ń rọra mí díẹ̀díẹ̀. Lánàá mo ká wọn mọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fẹ́ fi ṣíbí bu gíríìsì sẹ́nu. Mo gba agolo náà, mo sì wẹ̀ fún wọn tipátipá.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ yẹ iṣan náà wò, wọ́n ní àwọn ò lọ, àyà ò dun àwọn. Nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún mi pé ọkàn tí wọ́n pààrọ̀ lè dí pátápátá láìdunni. Èmi mọ ohun tó fà á: ilé onílé ni ọkàn náà wà, ojú ń tì í láti ráhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbẹ́nu sí bàbá rẹ láyà láràárọ̀, tí mò ń bi í pé ṣé o sùn dáadáa, kí ló ń dùn ọ́? Bàbá rẹ ní láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àwọn, mi ò bi àwọn bẹ́ẹ̀ rí.

Jọ̀ọ́, wá mú wọn lọ, ìwọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tìẹ. Mú owó ọkọ̀ dání, kí o fi ti ọṣẹ kún un.

Wàá dàgbà, wàá darúgbó, mi ò ní sunkún rẹ. Bí o bá rí ìyá ẹni tó ni ọkàn yẹn ní ọsibítù, bá mi kí i. Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, mi ò ní jẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.