Ẹni Tó Dáhùn Okun ní Malabo

Ẹ̀gbọ́n mi Philip,

Okun o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń san, iṣu sì ta ní Kàbà.

Mo ti dé láti Malabo, ìlú erékùṣù tí Bàbá lọ ṣiṣẹ́ sí tí wọn kò padà. Mo háyà ọkùnrin ọmọ ìlú kan kó mú mi rìn ká. Bíi ti ilé, gbogbo ẹni tí mo rí ni mò ń kí ní "Okun." Ó ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí obìnrin ẹlẹ́ja kan kúnlẹ̀, tó dáhùn, "Okun o." Ọkùnrin náà túmọ̀ fún mi pé olóògbé bàbá obìnrin náà ló kọ́ ọ. Ó dárúkọ wọn: bàbá wa ni.

Àbúrò wa ń bọ̀ ní Kérésì. Ọlọ́run á mú ẹ̀yin náà wálé láyọ̀. Màmá fúnra wọn ló ní kí n fún un ní yàrá yín. Àwọn ni kí ẹ bínú sí.

Ọmọ́yẹlé