Ọlọ́pàá Kò Gbé Mi, Alùpùpù Ni Mo Lọ Rà

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, ọlọ́pàá kò gbé mi. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ nílùú ńlá, pé wọ́n lé bàbá rẹ gba àárín ọjà kọjá, pé bàtà mi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Òótọ́ ni ti bàtà. Òótọ́ ni pé mo sáré. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò lé mi, èmi ni mo lé ara mi, wàá sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ó yá, kí n wá kí ọ. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ le, òun tó ń tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ fún ọ rọ. Kí ìwé yé ọ ju bó ṣe yé mi lọ. Ilé wà bó ṣe wà. Mo ti tún àga rẹ kàn, nítorí iṣẹ́ káfíńtà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àga tí ẹnì kan kì í jókòó sí, ta ni yóò sọ bóyá ó dúró? Mo máa ń pè yín lórí fóònù. Obìnrin kan ló máa ń gbé e, á ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo bi í pé ibo lẹ lọ, kò sọ. Ṣùgbọ́n kì í bínú, mo sì máa ń kí i dáadáa, torí lọ́jọ́ mìíràn òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ló kàn. O rántí ìgbà tí o wá sílé kẹ́yìn, tí o ṣì kéré, tí ògbólógbòó máṣíìnì mi kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú òjò, tí mò ń tì í, tí ìwọ ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ibà fi dá ọ dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní o ò ní wá mọ́ àfi tí mo bá ní máṣíìnì tó ṣeé fọkàn tán. Mi ò bá a jà. Olórí kunkun ni mí, mi ò ya wèrè. Mo ń kan ilẹ̀kùn ilé onílé títí owó fi pé, mo wá ní màá rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tà, tó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Àwọn tó ní àwọn á bá mi lọ pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, onígbàjámọ̀ ní inú ń run òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ní iṣẹ́ lóko. Ọ̀rẹ́ mi tó ń fẹ́ táyà, tí gbogbo wa ń pè ní Atẹ́gùn, òun ló tẹ̀ lé mi. Mo ní kí n ka àwọn tó dúró tì mí. Mo ka Atẹ́gùn.

Ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́kọ́ wọ̀ ń dán gbinrin. Ọkùnrin tó ni ín ń pè mí ní ọ̀gá mi, ọ̀gá mi. Aago kan máa ń wà níwájú alùpùpù tó ń ka bó ṣe rìn jìnnà tó. Mo wò ó, ó ti kà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo ní ṣebí ó ní tuntun ni. Ó ní atẹ́gùn ló yí i. Ni ọ̀rẹ́ mi bá fò dìde, ó ní kí wọ́n má purọ́ mọ́ òun o, òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan láti ìgbà tí a ti wọlé. Mo wá béèrè ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Ọkùnrin náà ní kò ní bàjẹ́. Ọmọ mi, ẹni tó bá sọ fún ọ pé ohun tó ń rìn kò ní kọsẹ̀ láéláé, má ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. A jáde.

Èmi nìkan ni mo lọ sí ìkejì, torí Atẹ́gùn ní oníbàárà. Ìyá Alálùpùpù ni wọ́n ń pe obìnrin tó ni ibẹ̀. Kò pè mí ní ọ̀gá. Ó béèrè ta ni yóò máa jókòó lẹ́yìn mi. Mo ní ọmọ mi ni. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi táwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́. Epo wà nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ sípánà kọ̀ọ̀kan wà lórí ìṣó tirẹ̀. Aago máṣíìnì tó fi hàn mí, òdo ni láti òpin dé òpin. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí òun náà kò tíì rí ibi lọ. Àfi bí obìnrin náà ṣe rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní tí mo bá sanwó tán, òun á fún mi ní wáráǹtì oṣù mẹ́fà.

Ọmọ mi, mo mọ wáráǹtì. Ìwé tí ọlọ́pàá fi ń gbé èèyàn ni. Oṣù mẹ́fà, kí ni mo jí? Mo sá jáde gba àárín ọjà, ibẹ̀ ni bàtà kan ti bọ́.

Atẹ́gùn ló bá mi padà lọ gba bàtà náà. Ó dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe èmi ni wáráǹtì náà máa mú, àwọn tó tà á ni; tó bá bàjẹ́ kí oṣù mẹ́fà tó pé, àwọn ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. Mo ronú sí i. Ẹni tó fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n wá mú òun lórí ohun tó tà, olóòótọ́ ni. Mo lọ sanwó.

Ìyá Alálùpùpù ní tí mo bá gùn ún díẹ̀, kí n gbé e wá fún sáfíìsì, pé sáfíìsì àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, sáfíìsì wo ni wọ́n ń gba owó ìwọlé? Mo wọ aṣọ funfun tí mo fi sin ìyá rẹ, mo mú ìwé orin, mo mú owó igbá. Nígbà tí mo dé, mẹkáníìkì kan béèrè bóyá èmi ni ọkọ ìyàwó. Mo ní sáfíìsì ni mo wá ṣe, níbo ni ìjọ wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan jókòó sórí táyà. Ìyá Alálùpùpù kò rẹ́rìn-ín. Ó nu àpótí kan fún mi, ó ní kí n jókòó, sáfíìsì fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n da ọ́ìlì dúdú inú rẹ̀ nù, wọ́n da tuntun sí i, wọ́n mú ṣéènì le. Ọ̀kan di ojú, ó gbé etí sí ẹ́ńjìnì, gbogbo wọn sì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ní mo ṣì í gbọ́, mo ní sáfíìsì ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, mi ò tíì rí kí èèyàn pé jọ yí ohun tó jẹ́ tèmi ká bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo ní àmín. Ẹni tó jókòó sórí táyà ló gbè é.

Ìyá Alálùpùpù wá ní kí n ra àṣíborí kékeré fún ọ, kí orí rẹ má bàa rí ewu. Ó béèrè bí orí náà ṣe tóbi tó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì hàn án. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní ìgbà wo ni mo rí ọmọ náà kẹ́yìn, torí orí ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni mo gbé dání yẹn. Mo ní kó dúró ná, màá kọ̀wé sí ọ.

Nítorí náà, mú òwú, ká a mọ́ orí rẹ lókè etí, ta kókó síbi tó bá ti pàdé, kí o fi ránṣẹ́. Má fà á le jù. Fi àyè sílẹ̀ fún irun. Bí owó díẹ̀ bá wà nínú kóló rẹ, fi í tì í, kì í ṣe torí pé mi ò ní, bí kò ṣe kí o lè sọ pé o ní ìpín nínú máṣíìnì náà. Má gba inú fóònù fi ránṣẹ́ o. Wọ́n ní owó máa ń gba ibẹ̀ wá, mo gbọn tèmi títí, nǹkan kan kò jáde.

Ọ̀rá tó bo ìjókòó ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò ní ya á kí o tó dé. Ó ti yọ onígbàjámọ̀ ṣubú lórí òkè, kò sì sí ẹni tó tún ní kí n gbé òun. Kò burú. Mo ti fi kíka àwọn tó dúró tì mí sílẹ̀. Ẹni tó máa jókòó tì mí ni mò ń retí, òun náà kò sì ju orí kan lọ.

Kí Ọlọ́run dá orí náà sí fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ, tí bàtà rẹ̀ ti pé méjì.