Ìre Tó Há Mi Lọ́fun

                                        Àdúgbò Santa Lucía,
                                        Maracaibo,
                                        Venezuela.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2022.

Nerva, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ún yẹn, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Dayerlin ọmọ rẹ, ọmọ ìsàmì mi ńkọ́, àti ọmọ tuntun jòjòló? Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹnu ará àdúgbò ni mo ti gbọ́ pé obìnrin ni, ó sì dùn mí pé kì í ṣe ẹnu rẹ.

O ò gbé fóònù mi mọ́, ìyẹn ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán ẹ̀gbọ́n Damelis onídìrí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Chile. Nerva, n kò bínú sí Dayerlin. Lọ́jọ́ tó ń rọbí, tó pè mí lórí fóònù pé, "Ìyá ìsàmì, ẹ súre fún mi," èmi náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí àgbà bá dákẹ́ nígbà tí ọmọ tọrọ ìre, bí ìgbà tó kọ ọmọ náà ni. Mo fẹ́ dáhùn. Ọ̀fun mi ló há, bí ìgbà tí wọ́n bá fún èèyàn lọ́rùn; àìsàn kan ló ń gé ohùn mi bẹ́ẹ̀. Mo kọ ìre náà ránṣẹ́ sórí fóònù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ta ní í ka ìre bí ẹni ń ka bílì iná? À ń gbọ́ ọ sétí ni.

Damelis ló kọ́kọ́ ní òun máa wò mí sàn. O mọ abẹ́rẹ́ bótọ́ọ̀sì tó máa ń gún fún àwọn ìyàwó olówó kí iwájú orí wọn lè jọ̀lọ̀. Ó gbé ìgò kékeré kan jáde nínú fíríìjì, ẹ̀gbẹ́ wàràkàṣì ló wà, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ó ní, "Ediluz, jókòó jàre! Ohun tó lè na iwájú orí, ṣé ọ̀fun ló máa wá bá a jà?" Nerva, mo ti jókòó, mo ti gbé àgbọ̀n sókè, torí ìre yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Ìgò yẹn ni mo tún wò, ni mo bá dìde.

Dókítà Villasmil rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí mo sọ ti ìgò Damelis fún un, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kúrò lójú rẹ̀. "Màmá, oògùn kan náà ni lóòótọ́. Oró gidi ni, bíńtín la fi ń ṣe oògùn. Ọpọlọ yín ló ń ránṣẹ́ òdì sí iṣan ohùn pé kó máa fún pọ̀. Abẹ́rẹ́ yìí á dí ọ̀nà iṣẹ́ yẹn, iṣan á sì dẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ mì wà nítòsí. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá gún un, tàbí ó pọ̀ jù, ẹ lè má lè gbé itọ́ mì, ẹ lè má lè mí." Ó bi mí bóyá mo ní àìsàn tó ń sọ iṣan di ahẹrẹpẹ, ó tún bi mí bóyá mo lóyún. Mo ní ta ló fẹ́ fún mi lóyún, ṣé ọkọ mi tó wà ní itẹ́ òkú ni?

Iwájú ọrùn ló ti gún un, ojú mi là sílẹ̀, ẹ̀rọ kan ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti fi iṣan tó tọ́ hàn án. Ó kìlọ̀ pé bí mímì tàbí mímí bá ṣòro, tàbí ìpéǹpéjú mi bá ń wálẹ̀, kí n sáré padà wá, kí n má dúró dọ̀la. Ohùn mi kọ́kọ́ di wúyẹ́wúyẹ́, omi sì ń pá mi lórí tí n kò bá rọra mu ún. Ó ti sọ fún mi pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo ń gbé àga síta bí a ti máa ń ṣe, mo ń bá àga rẹ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí aṣiwèrè. Àárò rẹ ń sọ mí, Nerva, ó ń sọ mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ lé ajá aládùúgbò, ni ohùn mi bá jáde gbangba! Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti títí ayé. Bó bá tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ dí á tún là, ọ̀fun á tún há. Wọ́n lè tún un gún, àmọ́ oògùn náà kì í sábà sí nílùú yìí. Ohùn tó wà lẹ́nu mi báyìí, n kò fẹ́ fi lé ajá tán.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Damelis kí ọ. Ó ní òun ti da ìgò náà nù, bóyá òótọ́ ni.

Tí mo bá pè, jọ̀wọ́, gbé e. Bí o kò bá tilẹ̀ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, fi fóònù sí etí Dayerlin, kí o sì dákẹ́.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ń retí rẹ,
                                        Ediluz.