Ẹni Tó Ń Nu Bàtà Nínú Fíìmù Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ wà lókè òkun? Orúnkún mi ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀. Àbúrò rẹ ní òun ti tún òrùlé ṣe, síbẹ̀ ó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi. A wo fíìmù tí o kọ látinú ìwé ìtàn ìfẹ́ rẹ. Mo sunkún ayọ̀.

Àmọ́ nǹkan kan ń rí mi lára. Ọkùnrin tó kọ̀ ẹ́ sílẹ̀ níjọ́sí, tó ní ìwé tí ò ń kọ lórí tábìlì ìdáná wa, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, òun ló ń sọ káàkiri báyìí pé òun ni ọkọ rere inú fíìmù yẹn, èyí tó ń nu bàtà ìyàwó rẹ̀! Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ń buwọ́ lu ìwé rẹ fáwọn èèyàn. Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín: “Mọ́mì, ṣé ẹ rántí bí mo ṣe máa ń nu bàtà ọmọ yín?”

Ẹni tí kì í nu imú ara rẹ̀! Bàtà tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ máa ń nu láràárọ̀ kí n tó jí, títí tó fi kú; òun lo kọ sínú ìwé rẹ.

Kálàmù rẹ ò ní gbẹ láé. Fi oògùn orúnkún ránṣẹ́. Tí wọ́n bá tún ìwé yẹn tẹ̀, kọ orúkọ bàbá rẹ sójú ewé àkọ́kọ́, kí èmi náà lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí n máa bá a buwọ́ lù ú.

Ìyá rẹ,
ẹni tó ni bàtà.